Àgbàdo Tí Ìyá Mi Rẹ Sílẹ̀

Kóńgò àgbàdo kan ní ọjà Bariga báyìí ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà kan dáadáa, ẹni tó ń tà á kò sì ní í gbà kí ẹ fọwọ́ gbá a jọ sórí kóńgò kí ó lè kún sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ rà á. Ìyàwó ọmọ mi àbíkẹ́yìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ rẹ̀ ní ògì, mo sì sọ fún un pé kí ó fi ti àgbàdo sílẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ kàn fẹ́ lọ bá wọn jà nítorí owó ọjà ni."

Kò parọ́. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń wọn àgbàdo pé nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, náírà kan á ra àgbàdo, á ra edé, á ra ẹ̀pà, ṣéńjì á sì kù lọ́wọ́ ẹni tí a óò fi wọkọ̀ láti Fola Agoro dé Yábàá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, ẹ lọ mú náírà yẹn wá. Bó bá ti jẹ́ ti ayé ìgbà yẹn gan-an, màá tà á fún yín."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo gbé ọ̀rá àgbàdo mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni ẹ̀rín náà ń kúrò lẹ́nu mi. Mo máa ń yin ayé àtijọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti sú àwọn ọmọ mi. Òótọ́ ni pé nǹkan kò wọ́n nígbà náà. Ikú ọmọdé náà kò wọ́n.

Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé mo ti fẹ́ ìyàwó kan rí kí n tó fẹ́ ìyá wọn. Wọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Mo ti jáde ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì rí ni pé kí n máa ka ìwé wò fún àṣìṣe ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Shomolu, ní òpópónà tí ẹ̀rọ ti máa ń dún gbàgà-gbàgà láti àárọ̀. Àsìkò ìbò ni. Pósítà àwọn olóṣèlú là ń tẹ̀ ṣáá, ìlérí ló kún inú gbogbo wọn: omi ẹ̀rọ, ilé ìwé ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́. Èmi ni mo ń wá àṣìṣe ibẹ̀. N kò rí púpọ̀, bó bá jẹ́ ti sípẹ́lì nìkan.

Inú òjò ọdún náà ni ìyàwó mi bí ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Kí ó tó di ọjọ́ tí a ó sọ ọmọ lórúkọ, a ti sin ìyá rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti wọkọ̀ wá. Kò kó aṣọ púpọ̀ dání. Ìkòkò amọ̀ kan ló gbé, tí aṣọ funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mílíìkì inú agolo ni wọ́n ní kí a máa fún ọmọ.

Ó ní, "Mo gbọ́. Bí mílíìkì bá tán ńkọ́?"

"A óò ra òmíràn, Mà."

"Bí òmíràn bá tán?"

Ó ti ìkòkò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó sì na ọwọ́ kí n gbé ọmọ fún òun. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ mi, tí yíǹkì dúdú wà láàárín èékánná rẹ̀.

"Lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn. O ò ní fi dúdú yẹn kan ohun tó ń lọ sẹ́nu ọmọ yìí."

Láti ọjọ́ náà, n kì í wọ yàrá láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yà sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ọwọ́ mi.

Ilé tí à ń gbé jẹ́ irú èyí tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo gba àárín wọn kọjá lọ sí ilé ìdáná gbogbogbò. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, ó ń ti àwọn tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kiri lórí àga onítáyà. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyàwó, nítorí òun ni wọ́n gbé wọ ilé náà kẹ́yìn. Oṣù kan lẹ́yìn tèmi ló bí obìnrin. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti ìdílé oníṣòwò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mùsùlùmí gidi, láti wá wẹ ọmọ. Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó là ń pe òun, a sì ń pe ìyá mi ní Ìyá Ẹ̀gbá. Wọ́n ń kí ara wọn dáadáa. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìdí ọjà rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, mílíìkì ọmọ ti ń pòórá nínú ìsọ̀. Ẹni tó bá ní in á fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì fún ẹni tó bá mọ̀. Mo rìn títí dé Pedro, mo rìn títí dé Yábàá. Bí mo bá rí agolo kan, ìyá mi á máa fi omi là á kí ó lè pẹ́. Omi náà wá ń pọ̀ sí i. Ojú mílíìkì inú ìgò náà dà bí ojú omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Igbe rẹ̀ yí padà: kò ké sókè mọ́, ó kàn ń dún tín-ín-rín bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ epo.

Ìyàwó ń gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yọjú, ọmọ rẹ̀ wà ní èjìká.

"Ẹ gbé e wá, Mà."

Ìyá mi ní, "Gbé ta ni?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá. Eléyìí ti yó, ó sùn."

Bí ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú nìyẹn. Ìyàwó á gbé obìnrin sí apá ọ̀tún, á gbé ọkùnrin sí apá òsì, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ìyá ìbejì, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé alábàáṣiṣẹ́ ni àwọn méjèèjì, pé wọ́n ti gba òun síṣẹ́ láìsanwó. Ìyá mi á fún un ní ẹja, á bu ọbẹ̀ fún un, á gba aṣọ rẹ̀ fọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ọjọ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni ó dópin. Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan gbé rédíò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé sì jókòó yí i ká, kódà àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó. Ìyàwó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Bí Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe wọlé nìyẹn, ó gbé ẹja díndín nínú abọ́ bọ̀ wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó dúró.

"Ìyàwó, ta nìyẹn?"

"Ọmọ iwájú wa ni, Mà."

"Mo mọ ojú ẹ̀. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá ti báni mu ọmú kan náà ti di ọmọ ìyá ẹni? Ó ti parí nìyẹn. Wọn ò lè fẹ́ ara wọn mọ́ láéláé."

Ìyá mi wà lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ta ló wá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ yín? Ọmọ tí ò tíì lè dá jókòó!"

"Ẹni tí ò lè jókòó lónìí á dìde lọ́la. Ṣé ẹ mọ ẹni tí Ọlọ́run kọ mọ́ ọn ni?"

"Bó bá jẹ́ ọmọ yín ló kọ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè ná. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó máa ro ti ẹrù ìyàwó."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tún ké pé kí wọ́n dín ohùn rédíò kù, pé ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lẹ gbọ́ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ wá wo ọrùn ọmọbìnrin yìí. Ẹ wo egungun àyà ẹ̀. Ọmọ méjì ló ń jẹ ẹ́ yẹn."

Ìyá mi wò ó. Gbogbo wa wò ó. Ó ti pẹ́ tí a ti ń rí i lójoojúmọ́, a kò sì rí i. Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka yọ ẹnu ọmọ mi kúrò lórí ọmú, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nu ẹnu ọmọ náà, ó gbé e fún ìyá mi. Kò fi ìbínú ṣe é. Ìyẹn ló burú jù lójú mi, nítorí kò sí ẹni tí mo lè bínú sí. Nínú rédíò, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi fa ìkòkò rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ ọmọdé lè gba gbogbo ayé àgbàlagbà kan. Àgbàdo funfun ló ń rà, á fi ọkà bàbà díẹ̀ kún un. Á tú u sórí atẹ, á ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún adìẹ onílé. Á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò, á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ títí hóró á fi rọ̀, tí èékánná á lè wọ inú rẹ̀. Nígbà náà ló tó lọ sí ibi ẹ̀rọ. Ata ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà ó bá ọkùnrin ẹlẹ́rọ sọ̀rọ̀ pé òun ni yóò máa kọ́kọ́ lọ̀. Ẹlẹ́rọ á fi omi ṣan ẹ̀rọ, ìyá mi á sì tún ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí i, á jẹ́ kí ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, á bù ú jáde, á fi kan ahọ́n. Bí ó bá ta á lẹ́nu, á tún ju ẹ̀kúnwọ́ mìíràn sí i.

"Ìyá Ẹ̀gbá," ni ẹlẹ́rọ á wí, "àgbàdo yín á tán sínú fífọ ẹnu ẹ̀rọ."

"Kó tán. Ẹnu ọmọ mi ni mò ń fọ̀, kì í ṣe ẹnu ẹ̀rọ rẹ."

Á sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun náà, kì í ṣe asẹ́. Èèrí á lọ fún ẹran ẹnì kan. Ní ti edé, á yọ orí àti ìrù rẹ̀ kúrò, á yan án lórí iná díẹ̀, á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ata kàn, á sì jọ̀ ọ́ kí ó dà bí àtíkè. Bákan náà ni ẹ̀pà, tí ó máa ń bó èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá po ògì tán lórí sítóòfù, tí ó ti jinná, á da edé àti ẹ̀pà sí i, á rò ó títí yóò fi máa dán.

Ìjà kan ṣoṣo tí a jà nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti rírọ. Ọmọ kọ ṣíbí. Ìyá mi bá na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó fẹ́ ká ọwọ́ sí i lẹ́nu kí ó rọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní mo ti kà á pé kò dára, pé oúnjẹ lè gba ibi tí kò yẹ.

"Níbo lo ti kà á?"

"Nínú ìwé ni, Mà."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ta ló rọ òun náà? Rírọ ni mo rọ ìwọ yìí, ìwọ lo sì lọ yunifásítì."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

Ó wò mí. Mo rò pé ó rántí ìyàwó mi tó kú. Ó gbé ọmọ dìde, ó mú ṣíbí kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan ètè rẹ̀, ó ń kọrin sí i, títí ó fi gbà. Ó gba gbogbo àárọ̀ náà. Láti ìgbà náà, ṣíbí ni.

Ọmọ náà sanra. N kò fẹ́ sọ ọ́ jù, ṣùgbọ́n ó sanra. Orúnkún rẹ̀ kò hàn mọ́. Bí òórùn edé bá ti jáde láti ilé ìdáná, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin iwájú náà kọ́ ọ. Bí ó bá rí abọ́ wa, á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, Ìyàwó á sì wá tọrọ ṣíbí kan fún un.

"Gbà," ni ìyá mi á wí. "Má jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ rí i o. Yóò ní wọ́n ti di ìbejì."

Ìparí ọyẹ́ ni èéyi wọ àdúgbò. Láti ilé dé ilé ni, ara ọmọ á kọ́kọ́ gbóná, ojú á pọ́n, lẹ́yìn náà á wá sú síta ní gbogbo ara. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ mú nínú ilé wa, ọmọbìnrin náà sì tẹ̀ lé e. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà, àwọn tó ń tọ́jú wọn sì ṣe ohun tó wà ní agbára wọn. Nígbà tó yá, ara ọmọ mi rọlẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó na ọwọ́ sí abọ́. Ìyá mi fò dìde, ó ní àgbàdo ti fẹ́ tán nílé, ó sì rẹ tuntun sínú ìkòkò ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń dá orin kọ.

Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo wà ní ibi iṣẹ́, mo ń ka kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan wò, nígbà tí mo rí ọkọ Ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó di ọwọ́ mi mú bí ó ṣe máa ń di tàwọn tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ mú, a sì rìn lọ.

Òun àti àwọn ọkùnrin méjì nínú ilé ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ, a kì í sì fi ojú ibẹ̀ hàn án. N kò béèrè. Títí di òní, n kò mọ ibi tí ọmọ mi wà.

Ìkòkò náà wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àgbàdo inú rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ó ń rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Òórùn kíkan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ayọ̀ ló máa ń mú wá, nítorí ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti fẹ́ tó. Ó gba gbogbo yàrá. Ìyàwó onílé wọlé wá kí wa, ó sì fi ojú wá a.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín da àgbàdo yẹn nù. A kì í fi oúnjẹ ọmọ tó ti lọ pamọ́ sínú ilé. Á máa padà wá wò ó."

Ìyá mi ní, "Mo ti gbọ́." Kò dìde. Ó jókòó ti ìkòkò náà, ó ń wò ó.

Ní yàrá iwájú wa, ẹkún ọmọbìnrin náà ń lọ sílẹ̀. Èéyi náà ti wọ inú ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di egbò, kò lè fa ọmú mọ́. Ọmú Ìyàwó fúnra rẹ̀ ti ń gbẹ nítorí àìsùn àti ìbẹ̀rù. Wọ́n ra ògì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó tu ú dànù. Wọ́n ra ti ìsàlẹ̀ òpópónà, ó tu ú dànù. Àwa náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ igbe tín-ín-rín náà. Mo ti gbọ́ ọ rí.

Ọ̀sán ni Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó kan ilẹ̀kùn wa. Kò wọlé, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi, tí ó lè jù ú lọ.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ má bínú. Àgbàdo yẹn ni mo wá torí ẹ̀."

Ìyá mi kò yíjú.

"Kò gba ti ẹlòmíràn. Tiyín ló mọ̀. Bí mo bá sì rẹ tuntun lónìí, kó tó rọ̀..."

"Àgbàdo òkú ni," ni ìyá mi wí. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì fẹ́ fi sẹ́nu ọmọ yín?"

"Ọmọ ìyá ni wọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́nu ara mi lójú gbogbo ilé. Wọ́n ti mu ọmú kan náà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ kù, ta ló ní kí àbúrò má jẹ ẹ́?"

Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ìyá mi máa sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ rédíò, pé ó máa béèrè ibi tí ọmọ ìyá wà nígbà tí ọmọ mi ń wá ọmú. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó la ẹnu, ó pa á dé.

"Ẹ dìde nílẹ̀, Mà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Eegun yín á dùn yín."

Ó gbé ìkòkò, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí ibi ẹ̀rọ. Wọ́n ti ń lọ ata níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹlẹ́rọ náà rí wọn. Ó lé àwọn tó tò sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fọ ẹ̀rọ náà léraléra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá mi kò dúró kí ògì náà tòrò. Ó sẹ́ ẹ, ó gbé e kaná, ó da edé àti ẹ̀pà sí i, àwọn tó kù ní ìsàlẹ̀ agolo. Gbogbo ilé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú gbogbo wọn ń sọ ọ́ pé àgbàdo òkú ni.

Ìyá mi bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e wá bá mi.

"Bàbá ọmọ, gbà."

"Mà?"

"Ìwọ lo ni ín. Fi ẹnu kàn án níṣojú wọn, kí ó di oúnjẹ ilé. Bí ó bá ti di oúnjẹ ilé, kì í ṣe ti òkú mọ́."

N kò mọ bóyá àṣà ni, tàbí ó rò ó lójú ọ̀nà. N kò bi í rí. Mo gba ife náà. N kò tíì tọ́ oúnjẹ ọmọ mi wò rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó dán lẹ́nu, kò ní ìyàngbò kankan. Edé ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, lẹ́yìn náà kíkan díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ahọ́n. Ohun tí ọmọ mi máa ń gbá ẹsẹ̀ sí nìyẹn. Mo mu ún tán. Mo dá ife padà fún ìyá mi, mo sì rí i pé yíǹkì wà lọ́wọ́ mi, n kò fọ̀ ọ́. Kò bá mi wí.

Ó mú ṣíbí kékeré náà, ó kọjá sí yàrá kejì. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fún ọmọbìnrin náà ní oúnjẹ. Ó fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, ó dúró, ó tún fi kàn án. A kò gbọ́ orin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn Ìyàwó: "Ó gbé e mì. Mà, ó gbé e mì." Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú yàrá yẹn, n kò sì mọ ìyá wo ni nínú wọn.

Ìyá mi dúró títí àgbàdo náà fi tán. Lẹ́yìn náà ló di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta. Ó fi ìkòkò náà sílẹ̀ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó, ó fi bí a ṣe ń bó ẹ̀pà hàn án, ó sì sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ata kan ọlọ. Nígbà tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní kí n tún ìyàwó fẹ́, kí n má pẹ́ jù. Mo pẹ́.

Ìjọba alágbádá náà kò pẹ́ ní tirẹ̀, àwọn ológun tún padà. Nígbà tí alágbádá tún gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pósítà tí mo kà wò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Wọ́n ti wó ilé náà báyìí, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kan tó dojú kọ òmíràn.

Mo gbé àgbàdo dé ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ rẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣà á. Mo tú u sórí atẹ, mo ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka àwọn ènìyàn náà. Ìyá mi ti lọ. Ó dàgbà kó tó lọ. Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó ti lọ ṣáájú rẹ̀, ìyá mi sì wá láti Abẹ́òkúta fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ọkọ Ìyàwó kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìyàwó pẹ́ láyé díẹ̀, kò sanra rí títí ó fi kú. Onílé àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Ti ẹlẹ́rọ, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàyè, á ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀gá mi ní ilé ìtẹ̀wé ti kú, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà ti tán.

Ó ku èmi. Ó sì ku ọmọbìnrin náà, tó ń gbé ní Pedro, tó ń ta bàtà ọmọdé, tó ti di ìyá àgbà. Bí a bá pàdé, á kúnlẹ̀ kí mi lójú títì. Kò fẹ́ràn ògì. Ó ní òun kò mọ ohun tó fà á, òórùn rẹ̀ kàn máa ń rí òun lára láti kékeré.